Títú Ìgbékalẹ̀ Ilé-Iṣẹ́ Palẹ̀ Pẹ̀lú Ọ̀ntọ́lọ́jì: Àpẹẹrẹ ArchiSurance

Àṣamọ̀

Àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá máa ń ya àwòrán ìgbékalẹ̀ wọn kí wọ́n lè mọ ohun tó gbára lé ohun mìíràn nínú iṣẹ́ wọn. Àpilẹ̀kọ yìí ṣàlàyé bí ọ̀ntọ́lọ́jì ṣe ń sọ irú àwòrán bẹ́ẹ̀ di ìmọ̀ tí kọ̀ǹpútà lè fa ọ̀rọ̀ yọ nínú rẹ̀. ArchiSurance, ilé-iṣẹ́ adójútòfò tí The Open Group fi ń kọ́ni ní èdè ArchiMate, ni àpẹẹrẹ tí a mú lò. Àlàyé náà fi hàn pé yíyan ìtumọ̀ fún ọ̀rọ̀ ni iṣẹ́ tó le jù níbẹ̀, àti pé àwọn ìyàtọ̀ kan tí èdè Yorùbá ti ń ṣe tipẹ́, láàrin oyè àti olóyè, láàrin orúkọ àti ẹni tó ń jẹ́ ẹ, wà lára èyí tí ọ̀ntọ́lọ́jì ń béèrè.

Ìfáàrà

Bí ilé-iṣẹ́ mẹ́ta bá para pọ̀, ìwé òfin lè sọ wọ́n di ọ̀kan láàrin ọjọ́ kan ṣoṣo, ṣùgbọ́n àwọn ẹ̀rọ wọn kò ní tí ì mọ̀ pé ohunkóhun ṣẹlẹ̀. Àkọsílẹ̀ oníbàárà yóò ṣì wà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, àwọn ètò kọ̀ǹpútà tí ń ṣe iṣẹ́ kan náà yóò ṣì máa ṣiṣẹ́, owó ìtọ́jú gbogbo wọn yóò sì máa jáde. Bó pẹ́ bó yá, ìgbìmọ̀ aláṣẹ yóò béèrè èwo nínú wọn ni kí wọ́n pa. Ìbéèrè náà dà bí ohun kékeré, àmọ́ ẹni tó bá dáhùn rẹ̀ lódì lè pa ètò kan lọ́jọ́ Ẹtì, kí ó sì gbọ́ lọ́jọ́ Ajé pé àwọn tí ilé wọn jóná kò rí owó òfò wọn gbà, nítorí pé ètò tí ń sanwó ń gba ọ̀nà kan tí ẹnikẹ́ni kò kọ sílẹ̀ lo èyí tí wọ́n pa.

Irú ilé-iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ni ArchiSurance. Kò sí níbì kankan láyé. Àpẹẹrẹ tí The Open Group gbé kalẹ̀ fún ẹ̀kọ́ ArchiMate ni. Nínú ìtàn rẹ̀, Home & Away tí ń ṣe adójútòfò ilé àti ti ìrìn-àjò, PRO-FIT tí ń ṣe ti ọkọ̀, àti LegallyYours tí ń ṣe ti ìnáwó ẹjọ́, para pọ̀ di ilé-iṣẹ́ kan. Ojúlé kan náà lórí íntánẹ́ẹ̀tì ni oníbàárà ń gbà wọlé báyìí, ètò ìtọ́jú ìwé kan náà ni gbogbo wọn sì ń lò. Home & Away àti PRO-FIT ti gba ètò tuntun kan náà fún ìtọ́jú oníbàárà; LegallyYours kò tí ì sí níbẹ̀. Ní ti àwọn ètò tí iṣẹ́ gan-an dúró lé, bí àwọn tí ń tọ́jú ìwé adójútòfò àti àwọn tí ń ṣírò owó, kálukú ṣì ń lo tirẹ̀ bó ṣe wà kí wọ́n tó dà pọ̀. Ìbẹ̀rù pé kí iṣẹ́ ojoojúmọ́ má baà dẹnu kọlẹ̀ ni kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn wọ́n.

Ohun tí wọ́n ń pè ní ìgbékalẹ̀ ilé-iṣẹ́

Ní 1987, John Zachman tẹ àpilẹ̀kọ kan jáde nínú IBM Systems Journal, nínú èyí tó fi iṣẹ́ ẹni tó ń ya àwòrán ilé wé iṣẹ́ ẹni tó ń gbé ètò kọ̀ǹpútà ilé-iṣẹ́ kalẹ̀. Àwòrán tí onílé nílò kì í ṣe èyí tí bíríkìlà nílò, bẹ́ẹ̀ ilé kan náà ni wọ́n ń sọ̀rọ̀ rẹ̀. Ní 1992, òun àti John Sowa fẹ iṣẹ́ náà lójú dé ìbéèrè mẹ́fà: kí ni, báwo, níbo, ta ni, nígbà wo, àti nítorí kí ni. TOGAF, ìlànà tí The Open Group ń tọ́jú, tẹ̀lé e ní 1995. Nígbà tó di 1996, òfin Clinger-Cohen ní Amẹ́ríkà sọ ọ́ di ojúṣe olórí ìmọ̀-ẹ̀rọ ní àwọn àjọ ìjọba àpapọ̀ láti ní ìgbékalẹ̀ ìmọ̀-ẹ̀rọ tí wọ́n kọ sílẹ̀. Láti ìgbà náà ni ọ̀rọ̀ náà ti kúrò ní ti àwọn onímọ̀ nìkan.

ArchiMate fúnra rẹ̀ wá láti Nẹ́dálándì. Láàrin 2002 àti 2004, Telematica Instituut, lábẹ́ ìdarí Marc Lankhorst, ṣiṣẹ́ pẹ̀lú àwọn yunifásítì àti àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá, títí kan báǹkì ABN AMRO àti àjọ tí ń gba owó orí ní orílẹ̀-èdè náà, láti ṣẹ̀dá èdè àwòrán kan tí gbogbo wọn lè máa lò. The Open Group tẹ ẹ̀dà 1.0 jáde ní 2009. Ìpele mẹ́ta ni èdè náà dúró lé. Ìpele òkè ni ti iṣẹ́ tí ènìyàn ń ṣe: ní ArchiSurance, bí ẹnì kan bá wá béèrè owó òfò, wọn yóò forúkọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sílẹ̀, wọn yóò pinnu bóyá wọ́n gbà á, wọn yóò díye lé òfò náà, wọn yóò sì sanwó. Ìpele àárín ni ti àwọn ètò kọ̀ǹpútà tí ń ran iṣẹ́ yìí lọ́wọ́. Ìpele ìsàlẹ̀ ni ti ẹ̀rọ gan-an, kọ̀ǹpútà àti wáyà tí àwọn ètò náà ń ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀. Ọfà ni ó so àwọn ìpele náà pọ̀.

Ibi tí àwòrán kù sí

Ẹni tó bá wo irú àwòrán bẹ́ẹ̀ yóò rí àpótí àti ọfà, yóò sì rò pé òun ti lóye. Ọfà kan wà tí orúkọ rẹ̀ níbẹ̀rẹ̀ jẹ́ used by. Láti ara ètò kọ̀ǹpútà ni ó ti ń jáde, ara iṣẹ́ tó ń lo ètò náà ni orí rẹ̀ sì máa ń kọjú sí. Ó rọrùn láti kà á lódì, nítorí pé ẹni tó bá rí ọfà láàrin ohun méjì máa ń fẹ́ kà á bíi pé ẹni tó wà nídìí ọfà ló ń lo ẹni tó wà lórí rẹ̀. Nígbà tí ẹ̀dà 3.0 jáde ní 2016, wọ́n yí orúkọ náà padà sí serving. Ọfà kò yí ojú padà rárá. Orúkọ nìkan ló yí. Àtúnṣe tó kéré yìí sọ ohun púpọ̀ nípa àwòrán: ìtumọ̀ rẹ̀ wà lórí ẹni tó ń wò ó, kì í ṣe nínú àwòrán náà.

Nínú Yorùbá, ìṣòro náà tún hàn kedere sí i. ArchiMate ya ohun mẹ́ta sọ́tọ̀ tí ènìyàn lè pe gbogbo wọn ní iṣẹ́. Èkínní ni ìgbésẹ̀ tó tẹ̀lé ara wọn títí dé àbájáde kan, bí ọ̀nà tí wọ́n ń gbà sanwó òfò. Èkejì ni ohun tí ẹ̀ka kan mọ̀ ọ́n ṣe, tí wọ́n kó jọ nítorí pé ìmọ̀ tàbí irinṣẹ́ kan náà ni ó ń béèrè, láìka ètò tí wọ́n ń gbà ṣe é sí. Ẹ̀kẹta ni èyí tí ẹni tó wà níta ń rí gbà, láìbìkítà nípa bí wọ́n ṣe ṣe é nínú ilé. Bí wọ́n bá kọ iṣẹ́ sí ara àpótí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kò sí ẹ̀rọ tó lè mọ̀ wọ́n yàtọ̀, olùyàwòrán fúnra rẹ̀ kò sì ní rántí lẹ́yìn ọdún kan. Ìgbésẹ̀-iṣẹ́, ojúṣe ẹ̀ka àti iṣẹ́-ìpèsè ni a óò máa pè wọ́n níhìn-ín. Ẹlòmíràn lè fẹ́ èdè-ìperí mìíràn. Ohun tí kò ṣe é fi sílẹ̀ ni ìyàtọ̀ náà.

Ọ̀ntọ́lọ́jì

Láti inú fìlọ́sọ́fì ni ọ̀rọ̀ yìí ti wá, níbi tó ti ń tọ́ka sí ìwádìí nípa ohun tó wà àti irú wíwà tó wà. Ẹni tó bá ń wá orúkọ Yorùbá fún un lè ronú kan ìmọ̀ ìwà, nítorí pé Wándé Abímbọ́lá ti fi hàn pé láti ara ọ̀rọ̀-ìṣe wà ni ìwà ti jáde. Ìtúpalẹ̀ náà dára gan-an, ṣùgbọ́n ìṣesí ọmọlúàbí ni etí òde òní ń gbọ́ bí wọ́n bá pe ìwà, èyí yóò sì ṣi òǹkàwé lọ́nà. Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ àyálò fi yẹ níhìn-ín.

Nínú ìmọ̀ kọ̀ǹpútà, àlàyé tí Tom Gruber ṣe ní 1993 ni ọ̀pọ̀ ń tọ́ka sí: ọ̀ntọ́lọ́jì jẹ́ àpèjúwe gbangba fún bí àwọn ènìyàn kan ṣe lóye ẹ̀ka kan nínú ayé. Gbangba ni ọ̀rọ̀ tó ṣe pàtàkì jù níbẹ̀. Ohun tí ọ̀ntọ́lọ́jì ń kọ sílẹ̀ ni àwọn ọ̀wọ́ tó wà, bí ètò kọ̀ǹpútà tàbí ẹ̀ka. Àwọn ẹyọ tó wà nínú ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan. Ìbáṣepọ̀ tó lè wà láàrin wọn. Àti àwọn òfin tó sọ ohun tí ó gbọ́dọ̀ jẹ́ òtítọ́ nípa wọn. Òfin ni ó yà á sọ́tọ̀ kúrò lára ìwé atúmọ̀ èdè. Ìwé atúmọ̀ lè sọ fún ènìyàn ohun tí ojúṣe ẹ̀ka jẹ́. Ọ̀ntọ́lọ́jì yóò sọ fún kọ̀ǹpútà pé kò sí ohun kan tó lè jẹ́ ojúṣe ẹ̀ka àti ẹ̀rọ lẹ́ẹ̀kan náà, bí ẹnikẹ́ni bá sì kọ irú rẹ̀, kọ̀ǹpútà yóò kígbe.

Lílo irú ìmọ̀ yìí fún ilé-iṣẹ́ kò bẹ̀rẹ̀ lánàá. Ní Toronto ní Kánádà, Mark Fox àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé TOVE kalẹ̀ ní àwọn ọdún 1990. Ní Edinburgh, Mike Uschold àti àwọn tó bá a ṣiṣẹ́ tẹ Enterprise Ontology jáde ní 1998. Ohun kan tó jáde láti Toronto wúlò títí dòní ju ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọ̀wọ́ tí wọ́n tò lọ: Michael Grüninger àti Fox ní kí ẹni tó bá fẹ́ kọ ọ̀ntọ́lọ́jì kọ́kọ́ kọ àwọn ìbéèrè tí yóò gbọ́dọ̀ dáhùn sílẹ̀. Bí kò bá lè dáhùn wọn, kò tí ì tó. Bí ó bá ní ohun tí ìbéèrè kankan kò nílò, ó ti pọ̀ jù. Ọ̀pọ̀ iṣẹ́ tó kùnà nínú ẹ̀ka yìí ló gbàgbé apá kejì yìí, tí wọ́n ń to ọ̀wọ́ lé ọ̀wọ́ láìsí ẹni tó béèrè wọn.

Ní oṣù Kejì 2004, W3C fọwọ́ sí OWL, èdè tí wọ́n fi ń kọ ọ̀ntọ́lọ́jì fún íntánẹ́ẹ̀tì. OWL 2 tẹ̀lé e ní 2009. Orí ẹ̀ka lọ́jíìkì kan ni ó dúró lé, èyí ni kò jẹ́ kí ètò afàyọ, ìyẹn ètò kọ̀ǹpútà tí ń fa ọ̀rọ̀ tuntun yọ láti inú èyí tí wọ́n ti sọ, máa méfò. Ohun tó bá fà yọ gbọ́dọ̀ jẹ́ òtítọ́ bí àwọn ohun tí wọ́n kọ́kọ́ sọ bá jẹ́ òtítọ́.

Láti ọfà sí òfin

Bí wọ́n bá fẹ́ sọ àwòrán ArchiMate di OWL, ìgbésẹ̀ àkọ́kọ́ kò le: irú àpótí kọ̀ọ̀kan di ọ̀wọ́, irú ọfà kọ̀ọ̀kan di ìbáṣepọ̀. Gonçalo Antunes, Artur Caetano, José Borbinha àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní Lisbon ṣe irú rẹ̀, wọ́n sì fi í ṣe gbòǹgbò tí wọ́n so àwọn ọ̀ntọ́lọ́jì ẹ̀ka kéékèèké mọ́, kí àwòrán gbogbogbòò má baà kún fún ohun tí ẹ̀ka kan ṣoṣo nílò. Ìgbésẹ̀ kejì ni ó nílò ọgbọ́n. Ìbáṣepọ̀ tuntun kan gbọ́dọ̀ wọlé tí kò sí nínú àwòrán: gbára lé. Bí ètò kọ̀ǹpútà bá ń ran ìgbésẹ̀-iṣẹ́ lọ́wọ́, ìgbésẹ̀-iṣẹ́ náà gbára lé ètò náà. Bí ìgbésẹ̀-iṣẹ́ bá mú iṣẹ́-ìpèsè kan ṣẹ, iṣẹ́-ìpèsè náà gbára lé e. Lẹ́yìn náà ni wọn yóò sọ pé gbára lé jẹ́ ìbáṣepọ̀ aran-dé-ran: bí A bá gbára lé B, tí B sì gbára lé D, A gbára lé D.

Pẹ̀lú irú àwọn òfin bẹ́ẹ̀, ètò afàyọ lè dáhùn ohun tí kò sí ẹni tó yà á. Bí ẹnì kan bá ti kọ ọ́ sílẹ̀ níbì kan pé ìsanwó òfò ọkọ̀ ní PRO-FIT ń gba inú ètò ìṣírò owó Home & Away kọjá, tí ẹlòmíràn nínú ẹ̀ka ẹ̀rọ sì ti kọ ọ́ pé ètò ìṣírò owó náà wà lórí kọ̀ǹpútà kan báyìí, ètò afàyọ yóò sọ pé owó òfò ọkọ̀ kò ní jáde bí kọ̀ǹpútà yẹn bá dákẹ́. Àwọn méjèèjì tó kọ ọ́ kò mọ ara wọn, ó sì ṣeé ṣe kí wọ́n má tilẹ̀ wà ní ìlú kan náà. SPARQL, èdè tí W3C fọwọ́ sí ní 2008 fún bíbéèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ irú àkójọ ìmọ̀ bẹ́ẹ̀, ni wọn yóò fi béèrè gbogbo iṣẹ́-ìpèsè tó wà lórí kọ̀ǹpútà náà.

Ewu méjì wà níbí. Èkínní ni pé kì í ṣe gbogbo ìbáṣepọ̀ ló ń ran dé ran, bí ó tilẹ̀ dún bẹ́ẹ̀ létí. Ọwọ́ onílù jẹ́ ara onílù. Onílù jẹ́ ara ẹgbẹ́ onílù. Síbẹ̀ kò sí ẹni tó máa pe ọwọ́ rẹ̀ ní ara ẹgbẹ́, kí ó sì gba owó ẹgbẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan náà, ara, ni ó bo ìbáṣepọ̀ méjì mọ́lẹ̀. Ewu kejì ni pé bí gbára lé bá gbòòrò jù, gbogbo nǹkan yóò gbára lé gbogbo nǹkan. Àbájáde bẹ́ẹ̀ lè jẹ́ òtítọ́, ṣùgbọ́n kò ran ìgbìmọ̀ aláṣẹ lọ́wọ́ rárá. Ìlànà ìfàyọ tí ArchiMate ní fúnra rẹ̀ ń ṣọ́ra fún èyí: láàrin àwọn ìbáṣepọ̀ tó so kọ́ ara wọn, èyí tí agbára rẹ̀ kéré jù lọ ni ó ń pinnu orúkọ ìbáṣepọ̀ tí wọn yóò fà yọ. Ẹni tó ń kọ ọ̀ntọ́lọ́jì gbọ́dọ̀ ṣe irú ìdájọ́ bẹ́ẹ̀, kí ó ya ohun tí iṣẹ́ kò lè ṣe láìsí i sọ́tọ̀ kúrò lára ohun tó kàn ń mú un yá. Kò sí ètò afàyọ tó lè bá a ṣe é.

Oyè àti olóyè

Nicola Guarino àti Chris Welty gbé ọ̀nà kan kalẹ̀ tí wọ́n pè ní OntoClean, láti fi yẹ ọ̀wọ́ inú ọ̀ntọ́lọ́jì wò. Ìbéèrè kan nínú rẹ̀ ni pé: ǹjẹ́ ẹyọ kan lè fi ọ̀wọ́ yìí sílẹ̀ kí ó sì ṣì wà? Ènìyàn kò lè jáwọ́ nínú jíjẹ́ ènìyàn kí ó ṣì wà. Àbùdá àìyẹ̀ nìyẹn. Akẹ́kọ̀ọ́ lè parí ẹ̀kọ́ rẹ̀ kí ó sì máa lọ ní àlàáfíà. Àbùdá tó lè yẹ̀ nìyẹn. Òfin tó tẹ̀lé e kò ṣe é tẹ̀ lójú: ọ̀wọ́ tó lè yẹ̀ kò gbọdọ̀ jẹ́ òbí fún ọ̀wọ́ àìyẹ̀. Ẹni tó bá kọ ọ́ pé gbogbo ènìyàn jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ti sọ pé ẹni tó bá parí ẹ̀kọ́ ti kú.

Àwọn Yorùbá kò nílò kí ẹnikẹ́ni kọ́ wọn ní èyí. Balógun lè papò dà, oyè Balógun yóò sì ṣí sílẹ̀, kò sí olóyè, àmọ́ oyè ṣì wà, pẹ̀lú ojúṣe àti ẹ̀tọ́ rẹ̀, títí wọn yóò fi rí ẹni tí yóò jẹ ẹ́. Ohun mẹ́ta ni ó wà níbẹ̀: ènìyàn, oyè, àti ìgbà tí ènìyàn yẹn fi jẹ oyè yẹn. Nínú gírámà náà, wọ́n máa ń sọ pé ẹnì kan ń ṣe tíṣà tàbí ń ṣe dókítà, bẹ́ẹ̀ ènìyàn ni wọ́n ń pè é láìsí ń ṣe kankan. Ó dà bí ẹni pé ṣe ń tọ́ka sí ohun tí ènìyàn gbé wọ̀ tó sì lè bọ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀rí gírámà kò tó láti gbé ọ̀ntọ́lọ́jì lé: oníbàárà wa ni dún gẹ́gẹ́ bí ènìyàn ni, síbẹ̀ jíjẹ́ oníbàárà lè yẹ̀ lọ́la.

Ọ̀rọ̀ oníbàárà yìí gan-an ni ó ń da ilé-iṣẹ́ láàmú. Ní ArchiSurance, ó rọrùn láti ya àpótí kan tí wọ́n kọ oníbàárà sí, kí wọ́n sì fi ènìyàn àti ilé-iṣẹ́ sábẹ́ rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí irú oníbàárà méjì. Àwòrán náà rẹwà. Ẹ wo ohun tó ń sọ: ẹni tí adójútòfò ọkọ̀ rẹ̀ parí ní ọjọ́ 30 oṣù Kẹfà kì í ṣe oníbàárà mọ́ ní ọjọ́ kejì, bí kò bá jẹ́ oníbàárà, kò jẹ́ ènìyàn, kò sì sí àkọsílẹ̀ rẹ̀ mọ́. Bẹ́ẹ̀ ọjọ́ 28 ni jàǹbá ọkọ̀ rẹ̀ ṣẹlẹ̀, owó rẹ̀ sì wà lọ́rùn ilé-iṣẹ́ náà. Ẹni tó ní ẹ̀tọ́ sí owó òfò àti oníbàárà jẹ́ oyè méjì tí ènìyàn kan náà lè jẹ, lẹ́ẹ̀kan náà tàbí lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Orí ènìyàn ni ó yẹ kí àwọn oyè náà wà.

ArchiMate ní àpótí kan fún aṣeṣẹ́ àti òmíràn fún ipò tí aṣeṣẹ́ ń dì mú, èyí tó dára. João Paulo Almeida, Giancarlo Guizzardi àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn, tí iṣẹ́ wọn so mọ́ Yunifásítì Ìjọba Àpapọ̀ Espírito Santo ní Bràsíl, fi UFO, ọ̀ntọ́lọ́jì ìpìlẹ̀ tí Guizzardi gbé kalẹ̀ nínú iṣẹ́ oyè ọ̀mọ̀wé rẹ̀ ní Twente ní 2005, yẹ àwọn èrò bí ipò, iṣẹ́-ìpèsè àti ohun tí ilé-iṣẹ́ lágbára láti ṣe wò nínú èdè náà. Ohun tí wọ́n rí ni pé orúkọ kan máa ń gbé ìtumọ̀ ju ọ̀kan lọ. Irú ìwádìí bẹ́ẹ̀ kò sọ ArchiMate di aláìwúlò; ó ń sọ fún ẹni tó fẹ́ túmọ̀ rẹ̀ sí OWL ibi tó ti gbọ́dọ̀ dúró kí ó sì béèrè lọ́wọ́ olùyàwòrán ohun tó ní lọ́kàn.

Orúkọ púpọ̀, ẹni kan

Ọmọ kan lè máa jẹ́ Táíwò nítorí ọ̀nà tó gbà wáyé, kí ó máa jẹ́ Adébáyọ̀ nítorí àbísọ, kí ìyá-ìyá rẹ̀ sì máa fi oríkì Àjàní kì í. Kò sí ẹni tó máa rò pé ọmọ mẹ́ta ni wọ́n. OWL ń ronú bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́: orúkọ méjì kò túmọ̀ sí ohun méjì, àyàfi bí wọ́n bá sọ pé wọ́n yàtọ̀. Èyí máa ń ya àwọn tó ti mọ àkójọ dátà ti àtijọ́ lẹ́nu, níbi tí orúkọ kọ̀ọ̀kan ti jẹ́ ohun kan lọ́tọ̀.

Fún ilé-iṣẹ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dà pọ̀, ẹ̀bùn ni. Bí ọ̀ntọ́lọ́jì bá sọ pé ènìyàn méjì kò lè ní nọ́ńbà ìdánimọ̀ kan náà, tí àkọsílẹ̀ LegallyYours àti ti PRO-FIT sì ní nọ́ńbà kan náà, ètò afàyọ yóò sọ pé ẹnì kan ni wọ́n, bí wọ́n tilẹ̀ kọ orúkọ rẹ̀ lọ́nà méjì. Ṣùgbọ́n bí ẹnì kan bá lo irú òfin kan náà fún nọ́ńbà fóònù, tọkọtaya tí ń lo fóònù ilé kan yóò di ẹnì kan ṣoṣo. Kò ní sí ariwo, kò ní sí àmì àṣìṣe. Ètò afàyọ yóò kàn gbà pé ọkọ àti ìyàwó jẹ́ orúkọ méjì fún ẹni kan náà, adójútòfò àwọn méjèèjì yóò sì wà lórí ẹni náà. Àyàfi bí wọ́n bá ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé wọ́n yàtọ̀, tàbí tí ohun mìíràn nínú àkọsílẹ̀ bá ta ko ìdàpọ̀ náà, ni ètò yóò fi rí i pé nǹkan kò bára mu.

Ohun tí ẹnikẹ́ni kò sọ

Ìyàtọ̀ tó wọ̀ jù lọ láàrin OWL àti àkójọ dátà wà nínú bí wọ́n ṣe ń gba ìdákẹ́jẹ́. Bí wọ́n bá béèrè lọ́wọ́ àkójọ dátà bóyá ìgbésẹ̀-iṣẹ́ kan ní LegallyYours ń lo ètò ìtọ́jú ìwé adójútòfò Home & Away, tí kò sì rí i nínú àkọsílẹ̀, yóò dáhùn pé rárá. OWL yóò dákẹ́. Ó gbà pé ohun tí ẹnikẹ́ni kò tí ì sọ lè jẹ́ òtítọ́ síbẹ̀. Ìrònú yìí bójú mu fún íntánẹ́ẹ̀tì, níbi tí kò sí ẹni tó lè rí gbogbo ọ̀rọ̀ tán. Fún ìgbékalẹ̀ ilé-iṣẹ́, ó ń bí ènìyàn nínú, títí di ọjọ́ tí ètò tí wọ́n rò pé kò sí ẹni tó ń lò ó bá kú, tí fóònù sì bẹ̀rẹ̀ sí í dún.

Ọ̀nà tí ọ̀pọ̀ ń gbà báyìí ni láti lo méjèèjì. OWL ni wọ́n fi ń fa ọ̀rọ̀ yọ. SHACL, èdè tí W3C fọwọ́ sí ní 2017, ni wọ́n sì fi ń yẹ àkọsílẹ̀ wò bóyá ó pé. SHACL lè béèrè pé kí gbogbo ètò kọ̀ǹpútà ní ẹ̀ka kan tó ni ín, pé kí iṣẹ́-ìpèsè kọ̀ọ̀kan ní ó kéré tán ìgbésẹ̀-iṣẹ́ kan tó ń mú un ṣẹ. Ibi tí kò bá ti pé, yóò kọ ọ́ jáde. Láìsí irú àyẹ̀wò bẹ́ẹ̀, ìfàyọ tó dára jù lọ lórí àkọsílẹ̀ tó ní ihò kò lè sọ ohun tó wà nínú ihò náà.

Àwọn ààlà mìíràn wà tí kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Ìfàyọ lórí gbogbo agbára OWL 2 lè gba àkókò tó pọ̀ jù. Ìdí nìyí tí W3C fi yà àwọn ẹ̀dà tó mọ níwọ̀n sọ́tọ̀, EL, QL àti RL. Lọ́jíìkì yìí kò sì mọ iye: ó lè sọ pé ìsanwó yóò dúró, kò lè sọ iye wákàtí tàbí iye owó. Ìṣirò mìíràn ni ó ń ṣe ìyẹn.

Bí a bá padà sí ìbéèrè ìgbìmọ̀ aláṣẹ ArchiSurance, ìdáhùn tí ọ̀ntọ́lọ́jì lè fún wọn nípa ètò ìtọ́jú oníbàárà tí LegallyYours ṣì ń lò wà ní ọ̀wọ́ mẹ́ta: àwọn ìgbésẹ̀-iṣẹ́ tó dájú pé wọ́n gbára lé e, pẹ̀lú ọ̀nà tí ìfàyọ náà gbà, àwọn tó dájú pé wọn kò gbára lé e, nítorí pé ẹnì kan ti sọ bẹ́ẹ̀ gbangba, àti àwọn tí kò sí ẹni tó sọ ohunkóhun nípa wọn. Lábẹ́ orúkọ kọ̀ọ̀kan nínú ọ̀wọ́ kẹta yìí, orúkọ ẹ̀ka tó ni ín ni yóò wà, kí ẹnì kan lè lọ bi wọ́n léèrè kí ọjọ́ Ẹtì tó dé.